Kọfí Tí Wọ́n Yìn ní Garki

Òórùn kọfí tí a ń yan nínú ìkòkò irin kì í ṣe òórùn tí ènìyàn ń retí ní Orozo, lẹ́yìn ìlú Àbújá, nígbà náà. Èéfín igi ìdáná la mọ̀, àti dawadawa, ìyẹn irú, láti ilé àwọn aládùúgbò mi tí wọ́n jẹ́ Gbagyi, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, àti eruku pupa tí àwọn kátakátà ń gbé sókè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo rántí bí àwọn ìyàwó ilé ṣe máa ń yọjú lójú fèrèsé wọn ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n á bi ara wọn pé kí ló tún ń jóná ní yàrá ọmọ Yorùbá yẹn. Ìjọba kò tíì kó kúrò ní Èkó tán. Ìdajì Àbújá jẹ́ ilé tí wọn kò tíì kan òrùlé rẹ̀, ìdajì kejì jẹ́ igbó tí wọ́n ti ri èèkàn sí láti fi pín in. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo sì gbà pé ohun tí n kò mọ̀ kò pọ̀ mọ́.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ràn. Àkọ́kọ́ ni kọ̀ǹpútà. Iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Garki gbà mí láti máa kọ ètò fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ẹ̀rọ tó ní yàrá tirẹ̀ àti ẹ̀rọ amúlétutù tirẹ̀, nígbà tí àwa ènìyàn ń làágùn ní yàrá kejì. Bàtà ni a ń bọ́ kí a tó wọlé tọ̀ ọ́. Ìyá tó ń se tíì fún wa, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó dàgbà ju gbogbo wa lọ, máa ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Ẹ bá wa kí Kábíyèsí o.” Iṣẹ́ náà kò ju pé kí o sọ ohun tí o fẹ́ fún ẹ̀rọ ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, láì fo ọ̀kan. Bí o bá sọ òótọ́ fún un, á bá ọ ṣe é. Bí o bá purọ́ fún un, á gba irọ́ náà gbọ́, á sì máa bá ọ ṣe é lọ láì bi ọ́ léèrè ohunkóhun. Apá ìkẹyìn yìí kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ mi.

Ìkejì ni oúnjẹ sísè. Bí mo ṣe ń kọ ètò ni mo ṣe ń se ọbẹ̀. Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ọ́ sí: ìṣẹ́jú mélòó ni epo fi ń gbóná, ìgbà wo ni ẹ̀gúsí ń wọlé, ìgbà wo ni kí ènìyàn fọwọ́ kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn ará ọ́fíìsì máa ń wọ ọkọ̀ láti Garki wá jẹ iyán lọ́dọ̀ mi. Iṣu bàbá mi ni, èyí tó ń fi ránṣẹ́ láti abúlé wa lẹ́bàá Kabba. Ọ̀gá wa, ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tí kì í fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi tí òun ti ń jẹun, máa ń ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ dé ìgúnpá. Wọn kì í sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́. Wọn kì í yìn mí. Wọ́n kàn ń na àwo sí mi.

Ìkẹta ni kọfí, òun sì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Bàbá mi ní oko kọfí. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbìn ín nígbà ọ̀dọ́ wọn, nítorí àwọn tó ń ra irè oko fún ìjọba sọ fún wọn pé òyìnbó ń wá a. Wọ́n ń ká a, wọ́n ń sá a, wọ́n ń bó o, wọ́n ń dì í sínú àpò, ọkọ̀ á sì gbé e lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni ní abúlé wa tó mu ún rí. Bí ẹni ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń mu ún, nínú agolo, lọ́dọ̀ olùkọ́ kan tó gbà pé ọpọlọ kì í jí láìsí i. Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé ohun tó wà nínú agolo náà àti ohun tó wà nínú àpò bàbá mi jẹ́ ọ̀kan náà, orí mi wú. Mo gba kóńgò méjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo yan án bí ẹni yan ẹ̀pà, mo gún un lódó, mo fi asẹ́ ògì sẹ́ ẹ. Àkọ́kọ́ jóná. Ìkejì kò jinná. Ìgbà kẹsàn-án ni mo tó rí i ṣe, mo sì kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sínú ìwé ọbẹ̀ mi bí ẹni tó wá ilẹ̀ tuntun rí.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń ra irè oko fún ìjọba kò wá mọ́. Wọ́n ní wọ́n ti tú wọn ká. Bàbá mi dúró títí ọyẹ́ fi kọjá, kò gbọ́ ìró ọkọ̀ kankan. Ó wá rán awakọ̀ kan sí mi pé òun fẹ́ gé igi kọfí náà lulẹ̀, kí òun fi ilẹ̀ rẹ̀ kọ ebè iṣu. Bí awakọ̀ náà ṣe jíṣẹ́ náà fún mi ní gáréèjì rèé: “Bàbá ní kí n sọ fún ọ pé agbára ọdún kan péré ló kù lára òun tí òun lè fi ṣí ilẹ̀. Ó ní kí o má bàa sọ lọ́la pé o ò gbọ́.”

Ẹni tó ní làákàyè ìbá ní kí ó máa gé e. Èmi ránṣẹ́ padà pé kó dúró. Mo ní gbogbo ìjọba ló ń bọ̀ wá sí Àbújá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a sì máa mu kọfí, a ó sì máa yan án fún wọn, a ó máa lọ̀ ọ́ fún wọn. Àmọ́ n kò fẹ́ sọ ọ́ lásán. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ jẹ́rìí sí i.

Mo ra ìwé kékeré kan. Mo gbé kọfí lọ sí ọ́fíìsì nínú fúláàsì, mo ń bu ún fún wọn ní ife kọ̀ọ̀kan, mo ń bi wọ́n bóyá wọn yóò máa mu ún, mo sì ń kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá wa: “Oko bàbá rẹ nìyí? Ó dára gan-an. Èmi fúnra mi, kọfí ni mo fi ń jí.” Akọ̀wé rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ó dáa ju ti inú agolo lọ. Ẹ fi orúkọ mi ṣíwájú.” Awakọ̀ ọ́fíìsì, ọmọ Ọ̀yọ́: “Ọlọ́run á jẹ́ kí Bàbá jẹun ọmọ. Méjì ni kí o máa kọ fún mi lóòjọ́.” Ìyá tó ń se tíì: “Bàbá ṣiṣẹ́. Bàbá ṣiṣẹ́ gan-an ni.” Nígbà tí mo bá ń kà á nísinsìnyí, mo máa ń rí i pé òun nìkan ni kò sọ pé òun ó mu ún. Ṣùgbọ́n mo fi àmì bẹ́ẹ̀ ni síwájú orúkọ rẹ̀ náà. Ènìyàn mẹ́tàlélógójì ni mo bi. Mẹ́tàlélógójì ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Abèèrè kì í ṣìnà, àwọn àgbà wa ló wí bẹ́ẹ̀, èmi sì ti béèrè lọ́wọ́ gbogbo ayé.

Mo wá kọ ètò kan. Mo fún ẹ̀rọ ní iye àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni àti iye ife wọn lóòjọ́. Mo fún un ní iye ọ́fíìsì tí wọ́n ní ó ń bọ̀ láti Èkó. Mo fún un ní iye igi bàbá mi àti ohun tí igi kan ń so. Odidi ọ̀sán kan ni mo fi ṣe é, nígbà tó yẹ kí n máa ṣe iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ìdáhùn tó tẹ̀ jáde ni pé oko bàbá mi kò ní tó. Kí ó gbìn sí i. N kò bi ẹ̀rọ náà ní ohunkóhun nípa iṣu.

Mo gbé ìwé gígùn náà, èyí tó ní ihò wẹ́wẹ́ létí ọ̀tún àti òsì, lọ sí abúlé. Mo tẹ́ ẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gùn dé ẹnu ọ̀nà, mo sì kà á fún àwọn òbí mi. Ìyá mi wò ó títí. Ó ní, “Ó mọ́ tónítóní.” Bàbá mi fi ọwọ́ kan etí ìwé náà.

“Ẹ̀rọ yìí, ṣé òun náà mu kọfí ọ̀hún?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Bàbá, ẹ̀rọ kì í mu nǹkan.”

“Ó dáa. Ta ló wá tọ́ ọ wò?”

Mo ní ènìyàn mẹ́tàlélógójì, títí kan ọ̀gá pátápátá. Ó ká ìwé náà jọ dáadáa, ó gbé e sókè àjà níbi tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ wà. Ó fi àwọn igi náà sílẹ̀. Gbogbo òjò ọdún yẹn ló fi ro abẹ́ kọfí, tó fi gé ẹ̀ka gbígbẹ, tó fi lé kòkòrò. Ebè iṣu tó kọ kò tó ìdajì ti ọdún tó ṣáájú.

Lẹ́yìn ìkórè, àpò mẹ́rin dé sí Orozo. Mo tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi, mo ń yan án, mo ń dì í sínú ọ̀rá, mo ń gbé e lọ sí Garki. Wọ́n gbà á. Wọ́n dúpẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo ṣàkíyèsí pé ẹni tó gba ọ̀rá kan kì í béèrè èkejì. Mo rò pé ojú ló ń tì wọ́n, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ta wọ́n lọ́rẹ. Wọ́n túbọ̀ ń dúpẹ́.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú òdòdó ọ́fíìsì wa jẹ́ Gbagyi láti Apo, ó sì ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn oníṣòwò Ìlọrin ní ọjà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó pè mí lójú fèrèsé, ó kọ́kọ́ fi Hausa kí mi.

“Ọ̀gá, sànnu. Ẹ wá wo nǹkan.”

Lẹ́yìn ilé, lábẹ́ fèrèsé ọ̀gá wa, odidi ìlà òdòdó kan ti kú. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú bí ibi tí mẹkáníìkì da ọ́ìlì sí. Ó fi ẹsẹ̀ tú u. Òórùn kọfí ti dé imú mi kí n tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

“Kai, láràárọ̀ ni wọ́n ń dà á síbí. Wọ́n á wo ọ̀tún, wọ́n á wo òsì, wọ́n á dà á pẹ̀ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n máa dà á sí gọ́tà. Òdòdó ìjọba ni mo ń tọ́jú.”

Kò mọ̀ pé tèmi ni. Mo ní màá bá a sọ fún wọn.

Mo lọ bá ìyá tó ń se tíì níbi tó ti ń fọ ife. Mo ní, “Màmá, ṣé ẹ mọ̀?”

Kò wojú mi. “Mo mọ̀.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Ṣé o bi mí ni?”

“Mo bi yín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.”

“O bi mí nípa oko bàbá rẹ, lójú gbogbo ènìyàn, tí ife rẹ wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ mi, ta lo fẹ́ kó la ẹnu rẹ̀ sọ pé ohun tí bàbá ẹni gbìn korò? Ilé wo ni wọ́n ti kọ́ onítọ̀hún?” Ó gbé ife kan kalẹ̀, ó mú òmíràn. “Ìwọ náà, ìgbà wo la yin iyán rẹ rí? Ohun tó bá wọ ènìyàn lára, ta ló ráyè yìn ín? Nítorí iṣu bàbá rẹ la ṣe ń wá sí Orozo. À ń retí ọjọ́ tí wàá bi wá nípa iṣu.”

Mo padà síwájú ẹ̀rọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo bọ́ bàtà mi, mo tún ètò náà yẹ̀ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí àṣìṣe kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà sí bàbá mi lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ni mo fẹ́ sọ? Kí ó gé igi náà báyìí? Ọdún kan tó ní ó kù lára òun, mo ti ní kó fi tọ́jú kọfí. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́ mo di ẹ̀bi náà ru àwọn ará Àbújá. Nínú ìkejì mo di í ru ẹ̀rọ. Ìkẹta sọ òótọ́, òun ni mo kọ́kọ́ fà ya. Mo ń wá bí màá ṣe sọ ọ́ tí kò ní dùn ún, mo sì ń wá a lọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ dé, lórí ọkọ̀ tó gbé àwọn àpò tó kù, nínú dàńṣíkí funfun tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wa, “Okun o. Mo wá wo àwọn tó ń mu ún.”

Mo sè é fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi ẹnu kan ohun tó ti ń gbìn láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò. Ó fi ṣúgà sí i. Ó tún fi sí i.

“Ó korò.”

“Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Bàbá.”

“Mo ti rò pé ìwọ lo bà á jẹ́ ni.” Ó fi ìdérí bo ife náà bí ẹni tó máa padà wá mu ún. Kò padà.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi nílé ní ọjọ́ kejì. Ó ní kì í ṣe ibùsùn òun wá wò. Mo sáré ṣíwájú wọ ọ́fíìsì, mo ní bàbá mi ń bọ̀. N kò ní kí wọ́n ṣe ohunkóhun. Kò sídìí tí mo fi ní láti sọ ọ́. Ọ̀gá wa dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn. Akọ̀wé rẹ̀ kúnlẹ̀ pẹ̀lú fúláàsì lọ́wọ́. Gbogbo wọn bu kọfí, wọ́n gbé e dé ẹnu, wọ́n mi orí. “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o.” “Bàbá, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí ojú wa là síṣẹ́ lówùúrọ̀.” Awakọ̀ ọmọ Ọ̀yọ́ yẹn ní, “Bàbá, bí ẹ ò bá gbìn sí i, a ó ṣépè fún yín ni o!” Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó lọ láti tábìlì sí tábìlì, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi wọ́n léèrè ìlú wọn, ó ń ṣàdúrà fún àwọn ọmọ wọn. Ìyá tó ń se tíì nìkan ni kò wá. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣan ife tó ti mọ́.

Ní gáréèjì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Bàbá mi ti jókòó sí iwájú, ó yọ orí síta.

“Ẹ̀rọ rẹ ní kí n gbìn sí i. Àwọn ọ̀gá rẹ ní kí n gbìn sí i. Ìwọ ńkọ́? Kí lo sọ?”

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà kò ju gbólóhùn kan lọ. Mo wo ojú rẹ̀, ayọ̀ àná ṣì wà níbẹ̀, n kò sì lè jẹ́ ẹni tí yóò pa á. Mo ní, “Ohun tí ẹ bá ti rí náà ni, Bàbá.”

“Ó dáa,” ó ní. “Mo ti gbọ́.” Ọkọ̀ gbéra.

Ó ṣí ilẹ̀ tó yẹ kó kọ ebè sí, ó gbin ọmọ kọfí kún un, èyí tí kò ní so kí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó pé. Iṣu kò wá sí Orozo lọ́dún náà. Odó mi dákẹ́, àwọn ará ọ́fíìsì kò sì wá mọ́ ní ọjọ́ Àìkú, oníkálukú pẹ̀lú àwáwí tó dára. Ní abúlé, ìyá mi, aya àgbẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, lọ ra iṣu lọ́jà, ó sì fi aṣọ bò ó wọlé kí àwọn aládùúgbò má bàa rí i. Àìsàn kọlu bàbá mi pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́ níbi tó ti ń ro ìdí àwọn ọmọ kọfí náà. Kò dìde níbẹ̀. Nígbà tí a sin ín, àwọn ọmọ kọfí náà kò tíì ga dé orúnkún.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bá ìyá mi lọ sí oko, mo sì jẹ́wọ́ fún un: òdòdó tó kú, lẹ́tà mẹ́ta, ohun tí mo sọ ní gáréèjì. Mo rò pé yóò sunkún. Ó ń fa koríko ní ìdí ọmọ kọfí kan, kò dúró.

“A mọ̀,” ó ní. “Ọjọ́ tó ti Àbújá dé ló ti sọ fún mi. Ó ní òun wo inú ife wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó dín. Wọ́n kàn ń gbé e dé ẹnu ni.”

“Kí ló wá dé tó tún fi gbìn ín?”

“Èmi náà bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní òun bi ọ́ ní gáréèjì. Ó ní ojú àgbà lè ṣì í rí, àmọ́ ọmọ òun kò ní máa wo òun níran kí òun fi agbára tó kù ṣòfò.”

Ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́, ó kọjú sí ọ̀nà ilé. Ó ní kí n máa bọ̀, oòrùn ti mú.

Igbó ti gba oko náà tipẹ́. Ìyá mi náà ti lọ. Mo ṣì wà ní Àbújá, mo ṣì ń kọ ètò, àwọn ọ̀dọ́ sì máa ń gbé iṣẹ́ wọn wá fún mi láti bá wọn wò. Bí kò bá dára, mo máa ń sọ fún wọn lójú ẹsẹ̀, láì fi ṣúgà sí i. Wọ́n ní ẹnu mi mú jù. Ó mú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo òtítọ́ tí mo ti sọ láti ìgbà náà, kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó bá ọkọ̀ yẹn ní gáréèjì.